Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Di Típà, àti Ọwọ́ Òsì Ọmọ Mi

Iṣẹ́ mi ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni pé kí n yẹ ọjà wò kí ìjọba tó gbà á. Èmi ni mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀. Bí agbaṣẹ́ṣe bá kó ogójì àga wá, gbogbo ogójì náà ni màá jókòó lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kó bírò wá, màá fà á lórí bébà kí n tó gbà pé bírò ni. Èyí tó bá dáa, màá ní, "Mo gbà á," màá buwọ́ lùwé. Èyí tí kò bá dáa, kó gbé e padà síbi tó ti gbé e wá, ì báà jẹ́ àbúrò alága ni. Wọ́n ní orí mi kunkun. Wọn ò purọ́ mọ́ mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé nígbà tí ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún méje, mo ra róbọ́ọ̀tì kan fún un ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀, níbi tí à ń gbé. Òun fúnra ẹ̀ ló nawọ́ sí i. Àwọn bèbí onírun gígùn tò lọ rẹrẹ lórí àtẹ, kò bojú wò wọ́n. Nígbà tí mo gbé e délé, ọkọ mi ní ohun ìṣeré ọkùnrin ni. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára páálí hàn mí. Ó yí páálí náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí i, ló bá gbé e kalẹ̀.

Kí n tó fún ọmọ, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ò lè ra nǹkan kí n má yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Róbọ́ọ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò ni, kò ga ju ìgò míńírà lọ, kò lo bátìrì, kò sọ̀rọ̀, kò tan iná. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ó ń di típà, irú típà tó ń kó yanrìn àti òkúta gba ọ̀nà Ìfọ́n. Páálí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré lèèyàn máa yí i. Irọ́ ni. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni. Èèyàn á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún kí táyà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ náà lè kan ilẹ̀. Á ti apá méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́. Á tẹ orí rẹ̀ wọnú àyà, torí àyà yẹn ló máa di iwájú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè di ibi tí típà ń kó ẹrù sí. Wàhálà wà níbi ìkarùn-ún. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àyà rẹ̀ pọ̀ gírígírí, kí ọwọ́ kejì tó lè ti ẹ̀yìn síwájú títí tó fi máa dún "kọ́". Bí ọwọ́ tó ń fún àyà bá dẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ á tú, róbọ́ọ̀tì á na apá na ẹsẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Mo jù ú sílẹ̀ látorí tábìlì sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹta. Apá òsì rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan, mo tì í padà, ó wọlé. Ohun tó ń yọ tí kò ṣẹ́, mo lè bá a gbé. Sítíkà tí wọ́n fi ṣe iná iwájú rẹ̀ ti ń ṣí, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo fi ìka yẹ gbogbo etí rẹ̀ wò bóyá ibì kan wà tó lè gé ọmọ lọ́wọ́, kò sí. Lójú tèmi, ọjà gidi ni, páálí rẹ̀ nìkan ni òpùrọ́. Ká ní ìjọba ló rà á, màá buwọ́ lù ú, màá sì kọ ọ́ sétí ìwé pé ọwọ́ méjì ló gbà.

Ọjọ́ méjì ni ọmọ mi fi bá a jà. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣíìnì nígbà tí mo gbọ́ "kọ́" ní pálọ̀. Mo yọjú. Ọ̀tún ló fi fún àyà, òsì ló fi ti ẹ̀yìn, torí òsì ló lágbára lára ẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ mi.

Èmi náà, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ní Àkókó tí mo dàgbà sí, ìyá mi máa ń ya aṣọ ìró àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi so ọwọ́ òsì mi mọ́ ìbàdí kí n tó jẹun, wọ́n á sì tún so ó bí mo bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyá mi ò burú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni, kí àwọn èèyàn má baà sọ pé ọmọ wọn ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó sì ṣiṣẹ́, bí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé títí dòní, ìkọ̀wé mi sì rí bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀. Èmi tí mò ń dá ọjà ọlọ́jà padà, ojú ń tì mí bí mo bá fẹ́ kọ orúkọ ara mi níwájú èèyàn. Bí mo bá dá wà ní kíṣíìnì, òsì ni mo fi ń gé ẹ̀fọ́. Àmọ́ níta, láti kékeré mi, n kò tíì fi òsì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ mi ní àṣà. Mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo ti kọ́ ọmọ mi: ọ̀tún la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀tún la fi ń fún wọn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń ṣe é, àfi tí nǹkan bá gbà á lọ́kàn. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ tó mọ ìwé kọ, kí wọ́n gbé e fún èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ̀ ọ́ délẹ̀délẹ̀.

Bàbá ọkọ mi ò gba tèmi. Ní Òkèlúsè ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní oko kòkó, wọ́n sì ní oko iṣu, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láyé ìgbà tiwọn, ọmọ tó bá fi òsì mú kálámù ní kíláàsì wọn, ẹ̀yìn ni ọwọ́ náà máa wà títí wọ́n á fi lu agogo ìlọlé. Wọ́n máa ń fi yangàn pé kò sí ọwọ́ òsì tó borí àwọn rí. Lọ́dún Kérésì, wọ́n rí i tí ọmọ mi ń fi òsì ya àwòrán, wọ́n ní, "Ẹ fún mi lọ́mọ yìí lọ́dún kan péré, ẹ ó rí i." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àjọ̀dún lásán ni.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, a ń múra àtilọ kí wọn. Mo fẹ́ gbé búrẹ́dì sínú búùtù ọkọ̀, ni mo bá báàgì ọmọ mi níbẹ̀. Mo ṣí i. Aṣọ ilé ìwé wà níbẹ̀, aṣọ ìsùn wà níbẹ̀, sálúbàtà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ọkọ mi ti ká gbogbo ẹ̀ dáadáa, èyí tí kì í ṣe sí aṣọ tara ẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí lèyí?"

Ó ní, "Bàbá ní ká gbé e dání."

"Ká gbé kí ni dání? Báàgì àbí ọmọ?"

Ó wo ilé aládùúgbò kó má baà wò mí. Ó ní Bàbá sọ pé àwọn máa kọ́kọ́ yẹ ọmọ wò fúnra àwọn. Bí wọ́n bá rí i pé ọpọlọ ẹ̀ jí pépé, wọ́n á jẹ́ kó máa bá wa gbé ní Ọ̀wọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ á dúró tì wọ́n lọ́dún kan, wọ́n á fi tún ọwọ́ ẹ̀ ṣe. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ bó bá ti kan bàbá ẹ̀, ńṣe ló máa ń di ọmọ kíláàsì wọn padà.

Inú bí mi gidigidi. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni mò ń ṣe jẹun. Ẹni tó ti mọ ohun tó máa sọ kó tó ṣí páálí, àyẹ̀wò kọ́ ló fẹ́ ṣe. Mo pa búùtù dé gbàgà, mo wọlé sínú ọkọ̀. A kọjá Ìfọ́n. Ọmọ mi wà lẹ́yìn, kò mọ nǹkan kan. Gbogbo típà tó bá pàdé wa lọ́nà ló ń gbé róbọ́ọ̀tì ẹ̀ sókè sí ní wíńdò, ó ní kí wọ́n kíra wọn.

A débẹ̀, a kúnlẹ̀, a kí wọn, wọ́n fún wa ní iyán, a jẹ ẹ́. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin náà wà níbẹ̀. Èmi ọmọ Àkókó, Yorùbá ìwé ni wọ́n máa ń sọ sí mi. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mi, wọ́n á bọ́ sínú èdè tiwọn, bí ẹni pé gbogbo ọdún tí mo ti lò nílé ọkọ ò tíì la etí mi. Lọ́jọ́ yẹn mo gbọ́ ọ ketekete tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bi ìyá wọn pé yàrá wo ni ọmọ máa sùn sí. Mo bu omi mu.

Nígbà tí wọ́n kó àwo kúrò, Bàbá pe ọmọ síwájú àga wọn ní pálọ̀. Wọ́n ní, "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Róbọ́ọ̀tì ni, Bàbá. Ó ń di típà."

"Ó ń di típà báwo?" Wọ́n gbà á, wọ́n yí i wò, wọ́n dá a padà fún un. "Ó dáa. Èyí gan-an la máa fi wò ọ́. Gbé ọwọ́ òsì rẹ sẹ́yìn. Fi ọ̀tún sọ ọ́ di típà kí n rí i."

Ọmọ wò mí. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé róbọ́ọ̀tì ka orí tábìlì. Ẹsẹ̀ ká. Apá wọlé. Orí wọlé. Ó ṣí ẹ̀yìn. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, gbogbo ẹ̀ tú. Ó tún un ṣe, ó tún tú. Ní ìgbà kẹta, ọwọ́ òsì ẹ̀ yọ́ jáde látẹ̀yìn. Bàbá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ padà. Róbọ́ọ̀tì tú sórí tábìlì, ọmọ mi fi eyín mú ètè ìsàlẹ̀ kó má baà sunkún. Mo mọ ètè yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní in.

Bàbá yíjú sí ọkọ mi. Wọ́n ní, "O rí i? Ohun ìṣeré lásán ló borí ẹ̀ yìí. Ọwọ́ òsì yẹn ló ń da ọpọlọ ọmọ yìí rú. Lọ gbé ẹrù ẹ̀ wọlé." Ọkọ mi dìde. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń dún lápò ẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ mọ̀ ọ́n. Nǹkan yẹn ni kò ṣeé fi ọwọ́ kan ṣe. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ìwọ ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Iṣẹ́ mi ni, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní, "Ìyàwó, Bàbá ló ń sọ̀rọ̀ o."

Mo ní, "Mo gbọ́, àǹtí mi." Mo mú róbọ́ọ̀tì náà, mo nà án tán bó ṣe yẹ kó rí. Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ bá wa ṣe é. Ọ̀tún nìkan, kí ọmọ lè rí i kọ́." Orúnkún mi wà nílẹ̀, ohùn mi wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní mo rí wọn fín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe, Bàbá náà sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá ilé ìwé kì í sá fún ìdánwò. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ká apá bùbá wọn, wọ́n gbé òsì sẹ́yìn. Wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti apá, wọ́n tẹ orí wọlé, wọ́n ṣí ẹ̀yìn. Wọ́n dé ìkarùn-ún, ó tú. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́, ó tú. Wọ́n wá há a mọ́ àárín orúnkún.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ ń fi orúnkún ṣe é. Ẹ ò ní kí n lo orúnkún."

Ìyá ọkọ mi fi gèlè bo ẹnu. Bàbá tẹ orí mọ́ nǹkan náà, òógùn ti ń yọ níwájú wọn, wọn ò rí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ òsì wọn jáde látẹ̀yìn. Mo gbà pé wọn ò mọ̀ pé ó jáde. Gbogbo wa rí i. Òsì fún àyà rẹ̀ pọ̀, ọ̀tún ti ẹ̀yìn, ó dún "kọ́". Bàbá gbé típà sókè láti fi hàn wá, ni wọ́n tó rí i pé ọwọ́ méjèèjì làwọn fi gbé e.

Ìyá ọkọ mi ló rọra sọ ọ́, wọ́n ń wo ilẹ̀: "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́." Bàbá tú típà náà padà di róbọ́ọ̀tì, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tú u tán. Wọ́n gbé e fún ọmọ. Wọ́n ní, "Ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é."

Kí ẹ tó ka gbólóhùn yìí tán, ọmọ mi ti ṣe é. Ẹsẹ̀, apá, orí, ẹ̀yìn, kọ́. Inú ẹ̀ dùn débi tó gbàgbé ara ẹ̀. Ó na típà sí bàbá àgbà ẹ̀ kí wọ́n gbà á wò, òsì ló sì fi nà án.

Bàbá ò wo típà. Ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Ọmọ mi ní, "Ọwọ́ tó ṣe é ni, Bàbá."

Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yíjú sí mi. Gbogbo wọn ń dúró de gbólóhùn kan tí gbogbo ìyá ọmọ mọ̀: ọ̀tún ńkọ́? Èmi náà ti ń sọ ọ́ fún ọmọ yìí láti ìgbà tó ti ń rá. N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi òsì na nǹkan sí àgbà, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọmọ yẹn ní aláìlọ́pọlọ níwájú mi nítorí ọwọ́ yẹn, ọwọ́ yẹn ló sì gbà á kalẹ̀, wọ́n wá ń dúró kí n bá a wí. Mo pa ẹnu mi mọ́. Bàbá ò gba típà. Mo rí i tí ọwọ́ ọmọ mi ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fẹ́ gbé típà náà bọ́ sí ọ̀tún. Ojú ń tì í. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ohun tí àgbà ò rí ṣe.

Mo na ọwọ́ òsì mi. Èyí tí wọ́n fi aṣọ so. Mo fi gba típà náà lọ́wọ́ òsì ẹ̀ níwájú bàbá ọkọ mi, níwájú ìyá ọkọ mi, níwájú gbogbo wọn, mo sì wo Bàbá lójú. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Mo gbà á."

Bàbá mú fìlà wọn lórí tábìlì, wọ́n dé e, wọ́n ní ká tètè máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wa lọ́nà. Wọn ò súre fún mi lọ́jọ́ yẹn, n kò sì bèèrè rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọkọ mi ṣì ń wo ojú bàbá ẹ̀ bóyá kí òun ṣí búùtù. Mo sọ fún un pé, "Wakọ̀."

Báàgì yẹn ò kúrò nínú búùtù títí a fi dé Ọ̀wọ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé e wọlé, ọwọ́ òsì ni mo sì fi gbé e.